Bí a ṣe ń gun Olúmọ: ọ̀nà àárín àpáta, láìkánjú

Ọ̀nà méjì ni ènìyàn fi ń wo Olúmọ ní Abẹ́òkúta. Àwọn kan á wọ ẹ̀rọ agbéniròkè, wọ́n á ya fọ́tò mẹ́ta, wọ́n á ti padà sídìí mọ́tò kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé. Àwọn mìíràn á gba ìsàlẹ̀ àpáta wọlé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ wo yàrá tí àwọn Ẹ̀gbá sá pamọ́ sí, wọ́n á kí àwọn ìyá àgbà tó wà níbẹ̀, wọ́n á wá fún ara wọn gba àárín òkúta gòkè. Ọ̀nà kejì yìí la kọ ìtọ́sọ́nà yìí lé lórí. Wákàtí méjì ló ń gbà. Bí ọmọdé bá wà lẹ́yìn yín, ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un.

Ọjọ́ tí ẹ ó lọ

Òkúta akọ ni Olúmọ, ó sì máa ń mu oòrùn bí kànìnkànìn ṣe ń mu omi. Tó bá fi máa di aago kan ọ̀sán, ooru ti ń tinú àpáta jáde bọ̀ sí àtẹ́lẹsẹ̀ yín, oòrùn sì ń lù yín lórí. Ibẹ̀ ni òòyì ti máa ń kọ́ àwọn àgbàlagbà. Ẹ wà lẹ́nu ọ̀nà kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀. Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ tún dára fún fọ́tò, nítorí odò Ògùn wà ní ìhà ìwọ̀ oòrùn: ní àárọ̀, oòrùn á wà lẹ́yìn yín nígbà tí ẹ bá kọjú sí odò. Ní ìrọ̀lẹ́, oòrùn náà ni yóò máa wọ inú kámẹ́rà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀ ló máa ń parọ́rọ́. Ọjọ́ ọdún àti ọjọ́ tí ìjọba bá kéde ìsinmi, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ràn èrò. Ọ̀nà tóóró ló wà láàárín òkúta, bí ọgọ́ta ọmọ iléèwé bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó ń gòkè á dúró títí wọ́n á fi tán.

Ní ti ojú ọjọ́, ìgbà ọyẹ́, láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ara á tutù láàárọ̀ ṣùgbọ́n eruku á bo ìlú, páànù ilé tó wà nítòsí nìkan lẹ ó rí. Ìgbà òjò, ojú ọ̀run á mọ́ kedere lẹ́yìn tí òjò bá dá, ṣùgbọ́n òkúta á máa yọ̀. Àsìkò tó wù wá jù ni ìparí oṣù Kẹwàá sí àárín oṣù Kọkànlá: òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ọyẹ́ kò tíì wọlé, ewé igi ṣì tutù yọ̀yọ̀.

Bí ẹ ó ṣe débẹ̀

Láti ọdún 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn, ó sì ń dúró ní Abẹ́òkúta. Àṣìṣe tí àwọn ará Èkó máa ń ṣe ni pé wọ́n rò pé bí àwọn bá ti sọ̀ kalẹ̀, Olúmọ ti dé. Rárá o. Láderin ni ibùdókọ̀ náà wà, orúkọ Wọlé Ṣóyinká ni wọ́n fi sọ ọ́, ẹ ṣì máa wọ ọkọ̀ wọ ìgboro. Ẹ mọ aago tí ọkọ̀ àbọ̀ máa kọjá kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, nítorí wọn kì í pọ̀ lójúmọ́. Ẹni tí tirẹ̀ bá kọjá, mọ́tò ibùdókọ̀ Kútọ̀ ní ìgboro ló kù fún un.

Ẹni tó bá gba ojú títì láti Èkó lè gba Ṣàngó-Ọ̀tà àti Ìfọ̀, tàbí kó gba ojú ọ̀nà Ìbàdàn, kó yà ní Ṣágámù, kó gba Síun wọlé. Ti Ṣágámù gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló fẹ́ràn rẹ̀ nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ṣàngó.

Láàárín ìlú, ẹ wọ táksí aláwọ̀ ewé tàbí kẹ̀kẹ́ màrúwá. Ẹ sọ fún awakọ̀ pé “Ìtokú”, àdúgbò tó wà nítòsí àpáta náà. Ẹni tó bá gbé báàgì lẹ́yìn tó ní “Olúmọ”, àlejò ni wọ́n máa kà á sí, wọ́n sì lè fẹ́ kó dá gbé ọkọ̀ náà. Ní Ìtokú, ọmọdé tó ń kiri á júwe àpáta náà fún yín, ẹsẹ̀ á sì gbé yín dé ibẹ̀.

Ohun tí ẹ ó wọ̀, ohun tí ẹ ó gbé

Bàtà ló ṣe pàtàkì jù, ká sọ òótọ́. Kámbáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà, tí kò tíì dán, ló dára. Sílípáàsì á bọ́ lẹ́sẹ̀ lórí àpáta dídagun. Bàtà gogoro, ẹ má tilẹ̀ gbìyànjú ẹ̀. Obìnrin tó bá wọ ìró, kó wọ ṣòkòtò péńpé sábẹ́, kó lè ká ìró sókè níbi tí òkúta bá ga ju orúnkún lọ. Ẹ tú gèlè sílẹ̀ nísàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ orí Olúmọ kì í mọ iye tí wọ́n ra gèlè.

Omi: lítà kan fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn píọ̀ wọ́tà méjì. Ẹ gbé lailọ́ọ̀nù òfìfo kan dání tí ẹ ó máa kó ọ̀rá rẹ̀ sí. Báàgì kan ṣoṣo, tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká méjèèjì, kí ọwọ́ lè ṣófo. Ẹ ṣẹ́ owó sí wẹ́wẹ́ nílé, igba-igba àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta-ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, nítorí kò sẹ́ni tó máa ṣe tíránsífà fún ìyá àgbà lẹ́nu ojúbọ.

Lẹ́nu ọ̀nà

Ẹ san owó ìwọlé, ẹ gba rìsíìtì, ẹ sì béèrè ohun mẹ́ta lójú ẹsẹ̀. Èkíní: ṣé ẹ̀rọ agbéniròkè ń ṣiṣẹ́ lónìí? Nígbà àtúnṣe ọdún 2006 ni wọ́n gbé e síbẹ̀, iná ló sì ń gbé e. Bí bàbá tàbí màmá tí orúnkún ń dùn bá wà pẹ̀lú yín, ìdáhùn yìí ló máa sọ bóyá wọ́n á gòkè. Kódà nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, kì í gbé ènìyàn dé téńté orí àpáta. Ẹsẹ̀ ló máa parí rẹ̀. Èkejì: ṣé owó kámẹ́rà wà lọ́tọ̀? Fóònù sábà máa ń kọjá bẹ́ẹ̀, kámẹ́rà ńlá àti fídíò lè má kọjá. Ẹ̀kẹta: afinimọ̀nà wo ni tiyín, kí sì ni owó rẹ̀? Ẹ gba ẹni tó wà nínú ọgbà, ẹ yọwọ́ yọsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ owó kí ẹ tó gbéra. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá sáré pàdé yín níta, tó ń pè yín ní “brother”, lè mọ̀nà dáadáa o, ṣùgbọ́n orí òkè ni yóò ti sọ iye rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí mítà 137 tí ẹ ó gbọ́ dẹ́rù bà yín. Láti ìpele òkun ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, ilẹ̀ Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀ sì ti ga kí ẹ tó dé ẹnu géètì. Ohun tí ẹ ó gùn kò tó bẹ́ẹ̀.

Abẹ́ òkúta gan-an

Ibí ni kí ẹ ti lo àkókò. Nígbà tí ogun tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká, Ṣódẹkẹ́ ló ṣáájú wọn dé ìhín ní nǹkan bí ọdún 1830, abẹ́ àpáta yìí sì di ibi ìsádi. Ibẹ̀ ni orúkọ ìlú ti wá: Abẹ́-òkúta. Ní ti orúkọ àpáta, ẹ ó gbọ́ pé “Olú ló mọ ọ́n”, ẹ ó tún gbọ́ pé “Olúwa fi mọ”, ìyẹn ni pé ìyà parí síbẹ̀. Ẹ má bá afinimọ̀nà jà lórí rẹ̀.

Ihò abẹ́ àpáta náà rẹlẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó wọlé, ẹ gbé ọwọ́ kan lé àtàrí. Wíwọlé kì í ṣeni léṣe, jíjáde ni. Ènìyàn á rí ìmọ́lẹ̀ níta, ojú rẹ̀ á ti lọ, á nàró kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó jáde tán, òkúta á sì fún un ní kókó. Ẹ dúró ní bíbẹ̀rẹ̀ títí ẹ ó fi rí ojú ọ̀run lórí yín.

Kí ẹ tó jáde, ẹ ní kí wọ́n fi àwọn ihò wẹ́wẹ́ inú àpáta hàn yín, níbi tí àwọn obìnrin ti ń lọ nǹkan oúnjẹ. Ẹ fi ìka tọ etí ọ̀kan. Òkúta tó yí i ká rí ṣákaṣàka bí ẹ̀yìn ọ̀nì, ṣùgbọ́n inú ihò náà dán, ó rí bọ̀rọ́bọ̀rọ́ bí inú àwo tánganran. Ọwọ́ ènìyàn ló dán an, lójoojúmọ́, nígbà tí wọn kò lè jáde lọ síbòmíràn lọ ata. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ náà tọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ti gbàgbé ọdún 1830 kó tó dé Kútọ̀ ni kò ní gbàgbé ihò yìí.

Ojúbọ àti àwọn ìyá

Ilé àwọn kan nìyí, ojúbọ àwọn kan sì ni. Ẹ máa kí “Ẹ kúulé o” kí ẹ tó yọjú síbi tí àwọn ìyá jókòó sí. Obìnrin á kúnlẹ̀, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀ tàbí kó tẹrí ba dáadáa. Ẹ fi fóònù sápò títí ẹ ó fi gbàyè. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa gbà wá láyè ká yàwòrán?” Bí wọ́n bá mirí, ó parí. Ẹ má fi ọgbọ́n yà á láti ẹ̀yìn igi. Wọ́n ti rí irú rẹ̀ rí, afinimọ̀nà yín ló sì máa gba èébú.

Ilẹ̀kùn ojúbọ kì í ṣí lójoojúmọ́. Ẹ wo owó ẹyọ àti ẹ̀jẹ̀ ẹran tó ti gbẹ sára rẹ̀ láti ibi tí ẹ dúró sí, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má jókòó lé orí òkúta tó wà níwájú rẹ̀ bí kò bá sí ẹni tó ní kí ẹ jókòó.

Wọ́n lè fẹ́ gbàdúrà fún yín. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ kúnlẹ̀, ẹ ṣe àṣẹ, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fún wọn lówó, ẹ má jù ú sílẹ̀. Bí ẹ̀sìn yín kò bá fàyè gbà á, “Ẹ ṣé, Màmá, ẹ ó pẹ́ fún wa” tó, ẹ kọjá. Kò sẹ́ni tó máa bínú. Àríyànjiyàn ẹ̀sìn nìkan ni kò yẹ níbẹ̀.

Gígùn

Àtẹ̀gùn wà níbi púpọ̀, ṣùgbọ́n apá tó dùn jù ni ibi tí a ti ń gba àárín àpáta méjì. Ibẹ̀ fún. Ẹ yí báàgì sí iwájú àyà, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ wọ ọ́. Ẹni tó bá sanra, kó mí jáde kó tó fẹsẹ̀ síwájú. Bí ènìyàn bá gbé èémí dúró, àyà á fẹ̀, ojú á sì máa pọ́n ọn.

Níbi tí ó bá dagun, òfin kan ṣoṣo ni: nǹkan mẹ́ta gbọ́dọ̀ máa kan òkúta, yálà ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ kan, tàbí ẹsẹ̀ méjì àti ọwọ́ kan. Ẹni tó di fóònù mú ti pàdánù ọwọ́ kan. Ẹ gbé gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ lélẹ̀, ẹ má fi ọmọ-ìka nìkan tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo àwọ̀ òkúta: ibi tó funfun tàbí tó rí bí eérú, tó ṣákaṣàka, ó ń di bàtà mú, ibi tó dúdú, tó ń dán, ibẹ̀ ni omi ń gbà, ó sì ń yọ̀ kódà lẹ́yìn tí òjò ti dá láti àná.

Ìgbésẹ̀ ogún, ẹ sinmi. Kí àgbàlagbà kan ṣáájú, kí ẹlòmíràn kẹ́yìn, kí ọmọdé wà láàárín. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin, ẹ pọ̀n ọ́n sẹ́yìn. Ẹ má gbé e sọ́wọ́. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, tí ẹ gbọ́ ààrá lókèèrè, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò sí ibi ààbò kankan lórí téńté, ẹ̀yin lẹ sì ga jù níbẹ̀.

Alángbá, àti ọ̀rọ̀ ọ̀kẹ́rẹ́

Àwọn tó ń gbé ìlú òyìnbó máa ń kó ọmọ wá sílé nígbà Kérésì, àwọn ọmọ náà á sì máa wá ọ̀kẹ́rẹ́. Ó ti mọ́ wọn lára: nínú àwọn ọgbà ìgbafẹ́ Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀kẹ́rẹ́ aláwọ̀ eérú, tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà, á wá gba ẹ̀pà lọ́wọ́ ènìyàn. Ẹ tètè sọ fún wọn pé ọ̀kẹ́rẹ́ tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó mọ kànnàkànnà, ó mọ ajá ọdẹ, ó sì mọ̀ pé ọbẹ̀ ni wọ́n fi òun sè. Bí ẹ bá rí i lórí igi, ìrù rẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ rí. Ẹ dúró jẹ́ẹ́, ẹ má nawọ́ sí i. Ẹ má sì fi ẹ̀pà tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàn án. Ẹranko tí àlejò bá fi oúnjẹ tù lójú lónìí ni ọmọ onípàkúté máa mú lọ́la. Ọ̀rọ̀ ìkún àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí àwọn àgbà ń pa kì í ṣe àwàdà.

Alángbá ni ẹranko Olúmọ. Ó wà lára gbogbo òkúta, ó sì ti mọ ojú èrò débi pé ó lè jẹ́ kí ẹ sún mọ́ ọn tó ìgbésẹ̀ méjì. Akọ ni wọ́n máa ń fẹ́ yà: orí rẹ̀ pupa bí osùn, ara rẹ̀ dúdú bí ẹlú, ìrù rẹ̀ ní ọ̀já pupa láàárín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ní kùtùkùtù, ẹ ó rò pé irọ́ ni, nítorí ara tútù máa ń jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ ṣú bí igi gbígbẹ. Ẹ dúró kí oòrùn kàn án, ẹ ó rí i tí orí náà ń pọ́n bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Láti yà á: ẹ jókòó, ẹ gbé fóònù sí ìpele òkúta, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ sún mọ́ ọn. Ohun tó bá yọ sí i láti òkè, àwòdì ló ń kà á sí. Òjìji yín náà kò gbọ́dọ̀ ṣubú lé e. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí, àkókò fọ́tò dé. A ti gbọ́ pé alángbá tó já láti orí ìrókò ló ń yin ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àyíká: akọ mìíràn sábà máa ń wà lórí òkúta kejì, èyí tó ń mi orí ló ń lé e kúrò nílẹ̀ rẹ̀. Ìrókò àtijọ́ kan sì wà lórí Olúmọ níbẹ̀ tí ẹ lè fi ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn fún àwọn ọmọ.

Ẹ má fún un ní bísíkíìtì. Kòkòrò ni oúnjẹ rẹ̀. Bí ẹranko onírun, ìbáà ṣe ajá tàbí ológbò, bá gé ọmọ jẹ lọ́nà, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà nítorí dìgbòlugi. Ti alángbá kò ní èyí nínú.

Lórí téńté

Páànù tó ti dípẹtà ló máa kọ́kọ́ gba ojú yín, àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú títí dé ibi tí ojú mọ. Ẹ ní kí wọ́n fi odò Ògùn hàn yín, àti ìjọ Pétérù Mímọ́ ní Aké, èyí tí a kà sí ilé ìjọsìn Krístẹ́nì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, àti Mọ́sálásí ńlá Ẹ̀gbá ní Kóbìtì. Ẹ jókòó bí ẹ bá fẹ́ ya ara yín; ẹ má fi ẹ̀yìn rìn.

Sísọ̀kalẹ̀ ló ń dá orúnkún lóró. Níbi tó bá dagun, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀, tàbí ẹ fi ìdí jókòó. Ẹ̀gàn kò sí níbẹ̀, ṣòkòtò nìkan ló máa dọ̀tí.

Ìtokú, kí ẹ tó lọ

Àdìrẹ wà ní ìsàlẹ̀ níbẹ̀. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà sí kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Oníko ni èyí tí wọ́n fi ìko di. Aró ẹlú kò pọ̀ mọ́, kàǹpálà tí wọ́n fi àbẹ́là ṣe lẹ ó rí jù. Kò burú, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ayédèrú ni èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀. Ẹ yí aṣọ sódì: bí iwájú bá dúdú, tí ẹ̀yìn funfun, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo ọnà méjì tó yẹ kó jọra. Bí wọ́n bá jọra láìyẹ̀ ní ìlà kankan, kì í ṣe ọwọ́. Ẹ fi aṣọ ìnujú funfun tí ẹ rẹ sómi fọwọ́ ra á: díẹ̀ tó bá jáde kò ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n bí aṣọ ìnujú bá di aró pátápátá, wọn kò ṣan án dáadáa.

Yáàdì márùn-ún tó ìró àti bùbá. Ní ilé, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ nínú omi tútù ní ìgbà mẹ́ta àkọ́kọ́. Iyọ̀ tí wọ́n máa ní kí ẹ fi sí i kì í dá aró dúró. Omi tútù àti fífọ̀ lọ́tọ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ sá a síbòòji, kí òdì rẹ̀ wà níta.